Ìtọ́jú Ẹsẹ̀ fún Akọ̀wé Tó Ń Gun Kẹ̀kẹ́: Àgbéyẹ̀wò láti Bantè àti Savalou

Akọ̀wé tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ sábà máa ń rò pé ẹsẹ̀ òun ti gba ìtọ́jú tó yẹ. Ẹsẹ̀ náà ló gbé e jáde láàárọ̀, òun náà ni yóò gbé e bọ̀ nírọ̀lẹ́; kí ló tún kù? Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí orúnkún á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tí ọrùn ẹsẹ̀ á máa wú bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí pajápajá á sì máa jí i lóru. Kẹ̀kẹ́ ni yóò kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ẹlòmíràn á tilẹ̀ tà á, á fowó kún un, á fi ra alùpùpù.

Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé bá mi yẹ̀ wò nìyí: nínú gbogbo ohun tó ń da ẹsẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàmú, èwo ló wúwo jù, ìtọ́jú wo ló sì fìdí múlẹ̀? Èrò tèmi ni pé àga ló jẹ̀bi jù. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ tí a kò tò dáadáa ló tẹ̀lé e, àìlágbára itan àti ìdí ló ṣe ìkẹta. Òróró ìfọwọ́ra àti oògùn ìrora tí a ń náwó lé lórí ló yẹ kó gbẹ̀yìn.

Ọ̀nà tí à ń gùn

Bantè àti Savalou jẹ́ méjì lára ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tó wà ní ẹkùn Collines, ní àárín ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Àwọn mẹ́rin yòókù ni Ìdáàṣà, Ṣábẹ, Glazoué àti Ouèssè. Àwọn Yorùbá ẹ̀yà Ìcà ló pọ̀ jù ní Bantè. Ní Savalou, àwọn Máhì, àwọn Ifẹ̀ àti àwọn Ìcà jọ ń gbé pọ̀. Ìkànìyàn ọdún 2013 fi hàn pé àwọn ará Savalou lé ní 140,000, àwọn ará Bantè sì lé ní 100,000. Ọ̀nà ńlá kan náà ló so ìlú méjèèjì pọ̀: ó ti Ìdáàṣà wá sí Savalou, ó gba Bantè kọjá lọ sí Bassila àti Djougou.

Ọ̀dà ni ọ̀nà ńlá yìí, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń sáré lórí rẹ̀, pàápàá lásìkò kajú. Bí ènìyàn bá ti yà kúrò lórí rẹ̀ lọ sí abúlé, ilẹ̀ pupa ló máa ń bá: eruku lásìkò ọyẹ́, ẹrẹ̀ lásìkò òjò. Òkè ló sì fún ẹkùn náà lórúkọ tí ìjọba ń pè é. Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ ń ti ẹsẹ̀ gidi ni.

Alùpùpù ti gba ojú títì lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere. Nígbà kan rí, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ń gbé èrò ní Pọ́tónóvò kí àwọn ọlọ́kadà tí à ń pè ní zemidjan tó dé. Lónìí, àgbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ ló kù tó ń gun kẹ̀kẹ́: olùkọ́, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, ẹni tó ń ṣírò owó nínú ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù. Àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń gùn ún fún ìrìn kúkúrú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àwọn mìíràn ń dúró de Sátidé kí wọ́n tó ti Savalou gùn ún dé Ìdáàṣà, nǹkan bí 30 kìlómítà ní àlọ nìkan. Ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé láàárín ìrìn kan sí èkejì, orí àga ni wọ́n ń wà.

Ẹjọ́ àga

Kì í ṣe òní ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń fura sí àga. Bernardino Ramazzini, dókítà ará Ítálì, kọ ìwé kan lórí àìsàn tí iṣẹ́ ọwọ́ ń fà ní ọdún 1700. Nígbà tó tún un tẹ̀ ní 1713, ó fi àwọn akọ̀wé kún un, ó sì ka ìjókòó láti àárọ̀ dálẹ́ mọ́ ohun tó ń bà wọ́n lára jẹ́. Ní 1953, Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ èrò ní Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bí 31,000 ọkùnrin, ṣe ìwádìí. Awakọ̀ ń jókòó. Agbowó ọkọ̀ ń gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ alájà méjì lọ sókè sódò ní gbogbo ọjọ́. Àìsàn ọkàn mú àwọn awakọ̀ ju àwọn agbowó lọ.

Kí ni àga ń ṣe fún ẹsẹ̀ gan-an? Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ sọ̀kalẹ̀ dé àtẹ́lẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá fà á padà sókè. Iṣẹ́ yẹn ku ẹran tó wà lẹ́yìn ojúgun. Bíi pọ́ǹpù omi àárín abúlé ló rí: bí ẹnikẹ́ni kò bá tẹ apá rẹ̀, omi kò ní gòkè. Nígbà tí ènìyàn bá dúró sójú kan láìmira, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan àtẹ́lẹsẹ̀ máa ń tó nǹkan bí 90 lórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó máa ń já wá sí ìsàlẹ̀ 30. Ẹni tó bá jókòó fún wákàtí mẹ́ta láìmi ẹsẹ̀, inú ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ yóò ti máa lọ́ra, omi ara á sì máa jò sínú ẹran. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí bàtà tó gba ẹsẹ̀ láàárọ̀ fi ń fún ẹsẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Ọ̀ràn kejì wà ní ìbàdí. Lórí àga, itan àti ikùn ká sí ara wọn. Lórí kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n tún ká. Ẹran tó so ẹ̀yìn mọ́ itan kò wá rí àyè láti nà tán láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ìdí tí ènìyàn jókòó lé sì ń di ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ nígbà tí a bá ń ti pẹ́dà. Bí ìdí bá fà sẹ́yìn, orúnkún ni yóò ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ṣé èyí wá túmọ̀ sí pé kẹ̀kẹ́ kò wúlò? Rárá o. Ìwádìí kan tó jáde ní 2017 lórí òṣìṣẹ́ tó lé ní 260,000 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ewu ikú fi nǹkan bí ìdá 41 nínú 100 kéré lọ́dọ̀ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ sí ti àwọn tó ń wọkọ̀. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ìwádìí tí Ulf Ekelund ṣáájú rẹ̀, tó kó dátà àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan jọ, sọ pé ẹni tó bá ń fi ìṣẹ́jú 60 sí 75 lóòjọ́ ṣe eré ìdárayá tó mú ara gbóná díẹ̀ lè pa ewu ìjókòó wákàtí mẹ́jọ rẹ́. Ẹ̀mí gígùn ni àwọn ìwádìí yìí ń wọ̀n. Wọn kò sọ pé orúnkún kò ní dunni, tàbí pé ẹsẹ̀ kò ní wú.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe lórí àga kò gba owó. Àkọ́kọ́, kí àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀ délẹ̀. Bí àga bá ga, etí rẹ̀ yóò máa tẹ ẹ̀yìn orúnkún, ẹsẹ̀ á sì kú. Pákó kan lábẹ́ ẹsẹ̀ tó láti wo ìyẹn. Ìkejì, kí ẹ má gbé omi mímu yín sórí tábìlì. Ẹ jẹ́ kó wà ní igun yàrá kejì, kí òùngbẹ máa lé yín dìde. Ìkẹta, ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ara wọn, ẹ dìde, ẹ fọwọ́ kan tábìlì, ẹ gbé gìgísẹ̀ méjèèjì sókè títí ẹ ó fi dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ ṣe é lọ́nà ogún. Ẹ ó rí i pé ẹran ẹ̀yìn ojúgun yín gbóná díẹ̀; iṣẹ́ tó ń ṣe láti ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè ló fà á. Ẹni tí iṣẹ́ kò jẹ́ kó dìde, kó máa gbé gìgísẹ̀ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ sókè níkọ̀ọ̀kan lábẹ́ tábìlì.

Ìjókòó kẹ̀kẹ́

Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń rìn ní ìgbèríko wa, ìpata ti di ọ̀pá ìjókòó wọn mú, ibi tí ẹni tó kọ́kọ́ rà á tò ó sí ni gbogbo ẹni tó gùn ún lẹ́yìn rẹ̀ ń bá a. Bàbá gíga àti ọmọ rẹ̀ tó kúrú jọ ń jókòó sí ìwọ̀n kan náà. Bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó ń ba orúnkún ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ jẹ́ kíá bíi ìjókòó tó lọ sílẹ̀ jù.

Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ gùn ún, kí ẹ fọwọ́ kan di ògiri mú. Ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà, kí ẹ sì yí i títí yóò fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí orúnkún bá ṣì tẹ̀, ìjókòó ti lọ sílẹ̀ jù. Bí ìdí yín bá ní láti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí gìgísẹ̀ tó kan pẹ́dà, ó ti ga jù. Ibi tí ẹsẹ̀ ti nà tán tí ìdí kò sì yẹ̀ ni ibi tó tọ́. Bí ẹ bá wá ń gùn ún ní tòótọ́, ibi tó fẹ̀ jù níwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ni yóò wà lórí pẹ́dà, orúnkún yóò sì tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí pẹ́dà bá wà nísàlẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwọ̀n ṣe é lè lo ọ̀nà tí Greg LeMond sọ di olókìkí, ará Amẹ́ríkà tó gba ife ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France ní 1986, 1989 àti 1990. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ dúró ti ògiri, ẹ fi ìwé líle kan sí àárín itan méjèèjì kó fún mọ́ yín lókè, kí ẹ wọn láti etí òkè rẹ̀ dé ilẹ̀. Ẹ fi 0.883 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ 80 sẹ̀ǹtímítà, nǹkan bí 70.6 ni yóò wà láti àárín ibi tí apá pẹ́dà ti ń yí títí dé orí ìjókòó. Ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni iye yìí. Ara ló ń sọ ìyókù.

Orúnkún fúnra rẹ̀ máa ń sọ ibi tí ọ̀ràn wà. Bó bá ń dùn níwájú, ìjókòó lè ti lọ sílẹ̀ jù, tàbí kí ẹ máa fi jíà tó wúwo gun òkè. Bó bá ń dùn lẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí ìjókòó ga jù. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìta ni, ẹ wo bí àtẹ́lẹsẹ̀ ṣe dúró lórí pẹ́dà, bóyá ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti wọ inú jù. Ẹ má ṣe yí ìjókòó padà ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi ọjọ́ mélòó kan gùn ún kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn dáadáa máa ń yí pẹ́dà ní nǹkan bí ìgbà 80 sí 90 láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí pé yíyí kíákíá pẹ̀lú jíà tó fúyẹ́ kì í ni orúnkún lára bíi títì lọ́ra pẹ̀lú èyí tó wúwo. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní jíà kan ṣoṣo, kò sí ìtìjú nínú kó sọ̀ kalẹ̀ kó ti kẹ̀kẹ́ gun òkè. Ó tilẹ̀ ṣe ẹsẹ̀ láǹfààní.

Agbára itan, ìdí àti eegun

Bí mo bá ní ànfààní láti gba akọ̀wé kan nímọ̀ràn kan ṣoṣo lẹ́yìn àga àti ìjókòó kẹ̀kẹ́, ìmọ̀ràn náà ni pé kó fún itan àti ìdí rẹ̀ lágbára. Ní 2014, àwọn onímọ̀ kan kó ìwádìí 25 jọ lórí àwọn tó lé ní 26,000, wọ́n sì rí i pé eré tó ń fún iṣan lágbára dín ìpalára àwọn eléré ìdárayá kù sí ohun tó kéré sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Nínàra nìkan kò dín in kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà, nínú ìtọ́sọ́nà rẹ̀ ti 2020, fi kún ìṣẹ́jú 150 sí 300 tó yẹ kí àgbàlagbà fi mira lọ́sẹ̀ pé kó máa ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán.

Kò béèrè irin wúwo. Kí ènìyàn dìde lórí àga láìfọwọ́ ti ara rẹ̀, kó tún jókòó jẹ́jẹ́, lọ́nà mẹ́wàá. Kó gun àtẹ̀gùn kan sókè sódò ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó ká orúnkún, kó gbé ìdí sókè, kó dá a dúró díẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni kó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, kó ti ìbàdí síwájú, kí iwájú itan tó ti ká láti àárọ̀ lè nà. Ìdajì wákàtí kò ní pé tí yóò fi parí gbogbo rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn olùfẹ́ kẹ̀kẹ́ kì í fẹ́ gbọ́. Kẹ̀kẹ́ ló ń gbé ìwúwo ara wa, eegun ẹsẹ̀ kì í sì í rí ẹrù tó lè mú un le. Wọ́n ti rí i lára àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje pé eegun wọn lè fúyẹ́ ju ti àwọn tó ń sáré lọ. Nítorí náà, kí akọ̀wé tó ń gun kẹ̀kẹ́ má fi kẹ̀kẹ́ rọ́pò ẹsẹ̀ rẹ̀ pátápátá. Bó bá ní oko kajú tàbí oko iṣu, kó fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, kó sì gbé ẹrù níwọ̀nba bọ̀.

Òróró, omi tútù àti oògùn

Òrí kò wọ́n ní agbègbè wa, ọ̀pọ̀ ilé sì máa ń fi wọ́ ẹsẹ̀ lálẹ́. Ó dára. Ìfọwọ́ra ń dín ìrora ọjọ́ kejì kù díẹ̀, ó sì ń tu ara lára, ṣùgbọ́n kò ní tún orúnkún tí ìjókòó kẹ̀kẹ́ ń bà jẹ́ ṣe. Omi tútù náà lè dín ìrora ẹran kù lẹ́yìn ìrìn gígùn. Ìrora tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, tó le jù láàárín wákàtí 24 sí 72, tó sì ń lọ fúnra rẹ̀, ẹran tó ń kọ́ iṣẹ́ ni. Kì í ṣe àìsàn. Ní ti nínà ara ṣáájú tàbí lẹ́yìn ìrìn, àgbéyẹ̀wò ìwádìí tí àjọ Cochrane gbé jáde fi hàn pé bó ṣe ń dín ìrora yìí kù kò tó nǹkan. Ẹ máa na ìbàdí nítorí àga, ẹ má ṣe retí pé yóò lé ìrora lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ ń wo Biniam Girmay, ọmọ Eritrea tó gba aṣọ aláwọ̀ ewé ní Tour de France 2024. Wọ́n tún wo ìdíje kẹ̀kẹ́ ojú títì ti àgbáyé tó wáyé ní Kigali ní September 2025, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n rí i pé àwọn akọni náà ń fá irun ẹsẹ̀. Àwọn yẹn ń fá a kí ọgbẹ́ lè ṣeé tọ́jú, kí ìfọwọ́ra lè rọrùn, kí atẹ́gùn má sì dí wọn lọ́wọ́. Akọ̀wé kò nílò rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ wúlò fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú tàbí tí iṣan rẹ̀ ti yọ síta, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ bi dókítà, nítorí ó lè ṣe ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa ní ibi.

Ní ti oògùn ìrora, ohùn mi le níbẹ̀. Ibuprofen lè dá ọgbẹ́ sí inú, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá fún ẹni tó ti làágùn púpọ̀ láìmu omi. Tramadol ń di bárakú. Oògùn tí wọ́n ń gbé sórí igbá kiri ọjà tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Cotonou ni Jacques Chirac, ààrẹ ilẹ̀ Faransé tẹ́lẹ̀, ti ké pe àgbáyé lórí ayédèrú oògùn ní October 2009, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ sì wó ọjà oògùn Adjégounlè ní ìlú kan náà ní 2017. Ẹni tó ń gbé oògùn mì kó lè gun kẹ̀kẹ́ lọ́la ń pa ẹnu orúnkún mọ́ ni, kò wò ó sàn.

Omi, oúnjẹ àti oorun

Lásìkò ọyẹ́, òógùn máa ń gbẹ kí a tó rí i, ènìyàn á sì rò pé òun kò làágùn. Ní March, oòrùn ń mú gan-an. Ẹ mu omi kí ẹ tó jáde, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá délé nìkan. Pajápajá sábà máa ń mú ẹran tó ti rẹ̀, pàápàá nígbà tí a bá gùn jù bí a ti ṣe mọ̀ ọ́n gùn. Ẹ na ẹsẹ̀ náà, ẹ fa ọmọ ìka rẹ̀ sọ́dọ̀ ara yín, yóò dá. Ní ti oúnjẹ, gàrí Savalou àti iyán ń fún ni lágbára, ṣùgbọ́n ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti wàrà wàgàsì àwọn Fúlàní ló ń tún ẹran ara ṣe. Kí wọ́n má ṣe ṣàìsí nínú àwo. Lẹ́yìn ìrìn gígùn, ẹ fún ẹsẹ̀ lọ́jọ́ kan tàbí méjì kó sinmi, kí ẹ sì sùn dáadáa.

Ìgbà tí ilé ìwòsàn di dandan

Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó ń dùn lẹ́yìn ojúgun, ẹ má fọwọ́ wọ́ ọ, ẹ má gun kẹ̀kẹ́. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú iṣan. Bí èémí bá wá ń ṣe gúlegúle tàbí àyà ń dùn, kò tún sí wákàtí tí a lè fi ṣòfò. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lójoojúmọ́, nítorí ó lè fara gbọgbẹ́ láìmọ̀. Ẹni tí àìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde ń ṣe, àárẹ̀, òtútù àti àìmu omi lè gbé ìrora eegun dìde fún un. Ìmọ̀ràn dókítà ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ìrìn gígùn. Orúnkún tó ń wú, tó ń há, tàbí tí ìrora rẹ̀ kò lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí a ti sinmi tí a sì ti tún ìjókòó tò, ó yẹ kó rí dókítà. Ẹkùn ìlera kan náà ni Savalou àti Bantè wà, ilé ìwòsàn ẹkùn náà sì wà ní Savalou.

Ìdájọ́

Kẹ̀kẹ́ kò jẹ̀bi. Bí mo bá ní láti tò wọ́n, èmi yóò ní: ẹ dìde lórí àga ní gbogbo ìdajì wákàtí, ẹ tún ìjókòó kẹ̀kẹ́ tò, ẹ fún itan àti ìdí lágbára lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ mu omi, ẹ jẹun, ẹ sùn. Òrí ń tẹ̀lé wọn, oògùn ló kẹ́yìn pátápátá. Mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ná yín ju epo díẹ̀ àti sípánà tí ẹ ó yá lọ́wọ́ atúnkẹ̀kẹ́ṣe.

Mo bẹ àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ní Bantè àti Savalou náà: ẹ má ka òṣìṣẹ́ tó dìde sí ọ̀lẹ. Ẹ fún àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní ibòji tí wọn yóò gbé e sí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa rìn díẹ̀ láàárín iṣẹ́. Ìwọ òǹkàwé, kí o tó jáde lọ́la, gbé kẹ̀kẹ́ rẹ ti ògiri, kí o sì wo ibi tí gìgísẹ̀ rẹ dé.